Ìràwọ̀ òkun inú táǹkì, ọmọ ta ni?

Ẹni tó bá ń sin iyùn (ẹ̀dá òkun tó wà láàyè ni mò ń wí, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) sínú táǹkì omi iyọ̀ nílé yóò ti mọ àwọn ìràwọ̀ òkun (starfish) kéékèèké tí mò ń sọ yìí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kì í ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Àwọ̀ eérú ni wọ́n, tàbí funfun tó ti ṣá díẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kì í gún régé: ọ̀kan á ní márùn-ún, èkejì á ní mẹ́fà, òmíràn á ní mẹ́ta tó gùn pẹ̀lú mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kò sẹ́ni tó fowó rà wọ́n. Ara òkúta òkun tàbí ìdí ẹ̀ka iyùn ni wọ́n ń bá wọlé, kí èèyàn sì tó mọ̀, wọ́n ti gba gbogbo gíláàsì. Asterina ni gbogbo àwa tó ń sin iyùn ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2004 ni àwọn onímọ̀ ti ń kó púpọ̀ nínú àwọn ti òkun tó móoru lọ sábẹ́ orúkọ mìíràn, Aquilonastra.

Lẹ́tà ni mò ń pín ní Manchester níbí, iṣẹ́ mi ò bá ẹja tan rárá. Táǹkì lítà 300 tó wà ní pálọ̀ wa ni fàájì mi. Mọ́mì Tọ́pẹ́ ti fún un lórúkọ: ìyàwó kejì. Ó ní gbogbo owó tí òun ì bá fi ra lẹ́ẹ̀sì, omi iyọ̀ ló mu ún.

Mofẹ́, ọmọ ìjọ wa kan tó ń kàwé másítà ní Liverpool, ló kọ ọ́ sórí WhatsApp ìjọ pé òun ń wá ẹni tó ní ìràwọ̀ òkun kékeré nílé, tó sì lè fún òun níbẹ̀. Ìyá kan bi í bóyá ti Kérésìmesì ni. Ẹlòmíì ní kó lọ wo ọjà àwọn ará Ṣáínà, wọ́n ń ta gbígbẹ níbẹ̀. Èmi pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàsán sà, Dádì Tọ́pẹ́. Ṣé lóòótọ́ lẹ ní wọn?"

Mo ní mo ní wọn débi pé ṣe ni mò ń họ wọ́n dànù lọ́jọ́ Sátidé. Ó lọgun: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dà wọ́n nù mọ́!"

Bí wọ́n ṣe ń pín ara wọn sí méjì ló ń wádìí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ tàbí ooru omi ló ń mú kí wọ́n tètè pín, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kí ìdajì kọ̀ọ̀kan tó di odindi padà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ sétí òkun lọ ṣa, ṣebí Liverpool ò jìnnà sí omi. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn kéékèèké wà létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Asterina gibbosa, tí wọ́n ń rí lábẹ́ òkúta ní ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n akọ ni ìyẹn ń jẹ́ ní kékeré, tó bá dàgbà tán, ó di abo, ẹyin ló sì fi ń bímọ. Kò mọ nǹkan kan nípa kéèyàn fa ara rẹ̀ ya kó sì di méjì. Ti inú táǹkì wa ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti rí i ṣojú mi. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí nítorí iṣẹ́, mo sì máa ń tan tọ́ọ̀ṣì wo táǹkì kí n tó jáde, torí àsìkò yẹn ni gbogbo ohun tó ń sá pamọ́ lọ́sàn-án máa ń wà níta. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kọjú sókè, mẹ́ta kọjú sísàlẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan sì ń wọ́ lọ síbi tó wù ú. Ara tó wà láàárín wọn ti fẹ́lẹ́ débi pé nígbà tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fi ń rìn, tí wọn ò nípọn ju òwú lọ, ń dì mọ́ gíláàsì, wọ́n ń tú, wọ́n tún ń dì mọ́ ọn. Kò yára, kò sì dúró. Nígbà tí mo fi máa wọ bàtà iṣẹ́ tán, okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo ló kù tó so wọ́n pọ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, apá kan ti wà lókè nítòsí pọ́ǹpù, èkejì ti wọ abẹ́ òkúta, ojú ibi tí wọ́n ti ya sì ti pa dé.

Mofẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú kúlà aláwọ̀ búlúù kan. Mọ́mì Tọ́pẹ́ rò pé ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀, ó ti lọ gbé àwo wá kó tó ṣí i. Ike olómi, ọ̀rá, páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa, ó jẹun, ó sì lọ dúró níwájú táǹkì. Mo rò pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ohun tó bi mí ni pé:

"Dádì Tọ́pẹ́, òkúta yìí, níbo lẹ ti rà á sà?"

Mo ní ọwọ́ ọkùnrin kan ní Stockport tó ń kó lọ sí Spéènì ni mo ti gbà á.

"Iyùn aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Ta ló fún yín? Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ òkun níbí? Ṣé ṣáájú iyùn yẹn ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mọ́ mi. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló bá òkúta wọ ilé mi, tó pín sí méjì, tí méjì di mẹ́rin, a jẹ́ pé gbogbo èyí tó wà lórí gíláàsì mi, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. DNA kan náà, ara kan náà. Kò sóhun tó jẹ́ bàbá, kò sóhun tó jẹ́ ìyá láàárín wọn. Tó bá kó ọgọ́rùn-ún nínú wọn lọ sí lábù, tó wọ̀n wọ́n, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti yẹ ọgọ́rùn-ún ìràwọ̀ òkun wò, ẹyọ kan ló yẹ̀ wò nígbà ọgọ́rùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà á dá ìwé náà padà.

Kò wá túmọ̀ sí pé wọn ò wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ooru ń ṣe, irú àwọn tí ara wọn jẹ́ ọ̀kan náà yìí gan-an ló ń wá, torí bí méjì nínú wọn bá ṣe yàtọ̀ síra, á mọ̀ pé omi tàbí oúnjẹ ló fà á, kì í ṣe ìran. Ṣùgbọ́n ó nílò ìran kan, kó tún ní òmíràn, kó tún ní òmíràn sí i. Táǹkì mi, bó ti wù kó kún tó, ìran kan ṣoṣo ló máa jẹ́.

Ẹ wá wò ó: iṣẹ́ tí àwọn àgbà ń ṣe kí ọmọkùnrin tó mú ìyàwó wálé, tí wọ́n á ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí agboolé tó ti wá kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò má lọ fẹ́ra wọn, iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ìràwọ̀ òkun ní Manchester.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn, torí àwa tó ń sin iyùn máa ń fún ara wa ní nǹkan. Mo gé ẹ̀ka fún ọ, o gé ẹ̀ka fún mi, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ òkun sì máa ń bá ẹ̀ka rìn. Mo mú bébà ńlá kan, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ní táǹkì láti ibí dé Bolton, mo wá ń fa ìlà: ta ló gba iyùn lọ́wọ́ ta, ọdún wo, ṣọ́ọ̀bù wo ló ti ra òkúta. Nígbà tí mo ṣe é tán, ọ̀pọ̀ ìlà náà ló padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Stockport tó ti lọ sí Spéènì. Mo fi bébà náà ránṣẹ́ sí Mofẹ́. Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́ padà, ó ní ọkùnrin náà ti di bàbá ńlá.

Nínú gbogbo àwọn tí mo pè, ẹni tí táǹkì tiẹ̀ ò bá tiwa tan kò pọ̀. Bàbá kan wà ní Bury, aláwọ̀ funfun, ó ti fẹ̀yìn tì, òkúta rẹ̀ wá láti Indonesia ní ìgbà tí wọ́n ṣì ń kó o wọlé dáadáa, kò sì gba ẹ̀ka lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí nítorí kò fẹ́ràn àlejò. Ìyẹn gan-an ni Mofẹ́ ń wá. Bàbá náà kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ ta nǹkan fún òun. Nígbà tí mo sọ pé ìràwọ̀ òkun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni mo ń bẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Gbogbo rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹlòmíì kọ̀ jálẹ̀. Edé harlequin méjì ló ní, edé tó lẹ́wà, funfun tó ní àmì aláwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, ìràwọ̀ òkun nìkan sì ni edé yẹn ń jẹ. Àwọn èèyàn máa ń rà á pé kó bá àwọn jẹ Asterina tán. Ó máa ń jẹ wọ́n tán lóòótọ́, ebi á sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ẹni tó rà á á wá máa wá ìràwọ̀ òkun káàkiri láti fi bọ́ ọ. Ohun tí ẹnì kan ń dà nù, ẹlòmíì ń rà á ní póún. Arákùnrin yìí ní tí Mofẹ́ bá rí ibi tó pọ̀ sí, kó rántí òun.

Ẹni kẹta fẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n mo béèrè bóyá ó ti fi oògùn tó ní bàbà tọ́jú ẹja rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún tó kọjá, inú táǹkì yẹn gan-an. Bàbà ń pa ìràwọ̀ òkun, ìgbín àti edé, ó sì máa ń wọ inú òkúta àti yanrìn kó máa jáde díẹ̀díẹ̀. Mofẹ́ ní kò sí bí òun ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tí òun rí lára wọn jẹ́ ti ìpín tàbí ti májèlé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a fi sílẹ̀.

Bí a ṣe ń mú wọn lára gíláàsì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má fi èékánná fà á. Ó ti dì mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, tẹ́ ẹ bá fà á, ẹ ó ya wọ́n, ẹni tó sì fẹ́ ka ìpín tí ara dá ṣe kò fẹ́ èyí tí ọwọ́ èèyàn ya. Káàdì báǹkì tó ti kú ni mò ń lò. Mo máa ń fi etí rẹ̀ tí i ní ìdí ẹsẹ̀ kan, màá dúró títí tó fi máa fúnra rẹ̀ ká ẹsẹ̀ náà sókè, màá tún tì í díẹ̀. Tó bá ti ku ẹsẹ̀ kan, màá gbé ike sábẹ́ rẹ̀ nínú omi, á jábọ́ sínú rẹ̀. Inú omi ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. N kì í gbé wọn jáde sínú afẹ́fẹ́.

Omi táǹkì tí wọ́n ti wá ni wọ́n ń bá lọ. Ìràwọ̀ òkun kò ní ẹ̀jẹ̀, omi òkun ló ń sá káàkiri inú ara rẹ̀, òun náà ló sì fi ń na àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ rẹ̀. Kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ bí iyọ̀ inú omi bá ṣàdédé pọ̀ sí i tàbí tó dín kù. Òkun fúnra rẹ̀ ń ní nǹkan bí gírámù iyọ̀ 35 nínú lítà kan, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé táǹkì mi sí, ní ooru 25 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ti lábù bá yàtọ̀ sí ìyẹn, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí Mofẹ́ mú wá ni yóò máa fi kán omi tuntun sórí omi ilé, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nínú ọ̀rá, omi kì í ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, afẹ́fẹ́ ló kún ibi tó kù. Ọ̀rá inú ọ̀rá, a so ó, a kọ orúkọ táǹkì sí i lára pẹ̀lú máàkà tí kì í parẹ́, ó wọ kúlà.

Ẹnì kan bi mí pé èmi tí mò ń pín lẹ́tà, kí ló dé tí n ò kàn fi ránṣẹ́. Royal Mail ní orúkọ àwọn ẹranko kéékèèké tó gbà kí èèyàn fi ránṣẹ́ láàyè: oyin, ekòló, idin, aláǹtakùn, ìrẹ̀, kódà aáyán. Ìràwọ̀ òkun ò sí níbẹ̀. Èmi ò lè máa pín lẹ́tà kí n sì máa fi ohun tí òfin ò gbà pamọ́ sínú páálí. Kúlà àti ọkọ̀ ojú irin ló kù.

Ní ti òfin ìwádìí, ilẹ̀ yìí ní òfin 1986 tó ń ṣọ́ ẹranko tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí, àwọn ẹranko tó ní egungun ẹ̀yìn ló wà fún, pẹ̀lú ẹbí ọ̀kítọ́pọ́ọ̀sì. Ìràwọ̀ òkun kò sí lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ Mofẹ́ ní láti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ yunifásítì rẹ̀ kí ó tó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, ó kọ ibi tó ti rí wọn, iye tó fẹ́, ohun tó máa fi wọ́n ṣe, àti bó ṣe máa parí rẹ̀. Mo bi í nípa ìparí yẹn. Ó ní àwọn kan á wọ inú ethanol, ọtí tí kì í jẹ́ kí ara wọn bà jẹ́, nítorí DNA, òun sì máa fi magnesium chloride kùn wọ́n lóorun kó tó ṣe é. Àwọn tó kù á máa gbé ní lábù. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ padà sí táǹkì ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ dé inú òkun. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1984, ewé òkun kan tí wọ́n ń pè ní Caulerpa taxifolia, tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ táǹkì, ni wọ́n rí nínú òkun lábẹ́ ilé ọnà òkun ní Monaco, ó sì bo ọ̀pọ̀ ibi ní Mẹditaréníà lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ àìsàn pẹ̀lú wà lọ́kàn Mofẹ́. Láti 2013 ni àrùn kan ti ń mú kí ìràwọ̀ òkun máa yọ́ ní etíkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Pycnopodia, ọ̀kan tó tóbi tó sì lè ní ẹsẹ̀ ju 20 lọ, ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú. Oṣù kẹjọ 2025 ni àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé bakitéríà kan, Vibrio pectenicida, ló wà nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ó wà ní Bury. Ṣùgbọ́n Mofẹ́ kì í da omi ilé méjì pọ̀, ó sì máa ń bi olúkúlùkù bóyá ó ti rí èyí tó rọ, tó ń jábọ́ lára gíláàsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já láìpín.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó ń sin iyùn á bínú sí mi. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan Asterina pé ó ń jẹ iyùn, n ò gbà á tán. Mo ti wo wọn ní ìdájí fún ọdún púpọ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n máa ń yọ ikùn wọn síta, wọ́n á tẹ́ ẹ lé gíláàsì, wọ́n á jẹ ewé tín-ín-rín tó bò ó, wọ́n á gbé ikùn wọlé, ojú ibẹ̀ á mọ́ rokoṣo. Ní ara iyùn, èyí tó ti ń kú ni mo máa ń bá wọn lé lórí. Ṣé wọ́n pa á ni, àbí wọ́n wá jẹ òkú? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú kan ń jẹ iyùn, irú kejì ò jẹ ẹ́, kí gbogbo wa sì ń pe méjèèjì ní orúkọ kan. Mo sọ ọ́ fún Mofẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní DNA á sọ iye irú tó wà nínú ohun tí òun kó, nígbà náà kí n wá sọ fún òun ilé wo ni iyùn ti ń kú.

Ní báyìí ìran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì tó. Irú táǹkì tí a ń wá báyìí ni èyí tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ bẹ̀rẹ̀. Òkúta gbígbẹ kì í gbé ohun alààyè wọlé, nítorí náà bí ìràwọ̀ òkun bá wà nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka iyùn kan ló gbé e wá, ẹni tó ni ín sì lè ṣì rántí èwo ni. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín tó wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí bá ní irú rẹ̀, ẹ wo ojú gíláàsì kí ilẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹni tó fún yín ní iyùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ọkùnrin Stockport yẹn ni, ẹ ṣì kọ ọ́. Mofẹ́ á fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe rìn jìnnà tó.